Ilé agbèfọ́ba àbí ilé olùgbèjà: níbo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti lọ kọ́ṣẹ́?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kejì ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ òfin níbí ní Amẹ́ríkà. Sáà tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ṣe ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní externship, ẹjọ́ ọ̀daràn sì ni ọkàn mi fẹ́. Mo ti kọ̀wé sí ilé agbèfọ́ba, mo sì ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì Public Defender tó ń gbèjà àwọn tí kò lówó lóyà. Bàbá mi gbọ́, wọ́n ní ṣé kí n lè máa gbèjà olè ni àwọn ṣe rán mi wá síbí. Àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ní tiwọn ní bí mo bá fẹsẹ̀ kan tẹ ilé agbèfọ́ba, kò sí ilé olùgbèjà tó máa gbà mí síṣẹ́ mọ́, àti pé kí ni ọmọ adúláwọ̀ ń wá níbi tí wọ́n ti ń kó ọmọ adúláwọ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ṣe ọ̀kan kò lè ṣe èkejì?

*

Àbúrò mi, méjèèjì ni mo ṣe, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ilé olùgbèjà ni mo kọ́kọ́ lọ. Sáà tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ilé agbèfọ́ba ní ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa ni ká kọ́kọ́ mú. Ilé gbogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ìyá tèmi náà sọ ọ́. Ìtàn Clarence Gideon ni mo fi dá wọn lóhùn. Ní 1961, wọ́n mú Gideon ní Panama City, ní Florida, wọ́n ní ó fọ́ ilé ìgbafẹ́ kan, ó jí owó ẹyọ àti ọtí níbẹ̀. Ó sọ fún adájọ́ pé òun ò lówó lóyà, kí ìjọba bá òun wá ọ̀kan. Adájọ́ ní òfin Florida kò fàyè gba ìyẹn, àyàfi bó bá jẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n lè torí ẹ̀ pa èèyàn. Gideon ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n sọ ọ́ sí. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 1963, ilé ẹjọ́ náà ní dandan ni kí ìjọba fún un ní lóyà, òun àti gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ńlá kàn tí apá rẹ̀ kò ká a. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, lóyà dúró tì í, jùrí, ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti dájọ́, sì ní kò jẹ̀bi. Ẹ̀sùn kan náà, ọkùnrin kan náà. Lóyà ló yàtọ̀.

Ìyá mi dákẹ́ nígbà tí mo sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, “Ta ló wá jí owó ọ̀hún?” Mi ò lè dáhùn, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìbéèrè náà, torí ó fi hàn pé wọ́n ti gbà pé ẹni tí ọlọ́pàá mú lè má jẹ́ ẹni tó ṣe é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ adúláwọ̀ kì í ṣe irọ́, mi ò sì ní bá wọn jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí agbára wà. Nínú ẹjọ́ Missouri v. Frye ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ jáde pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn 97 ló fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ní ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀, 94 ni. Ẹjọ́ tí ẹlẹ́rìí ti jáde, tí jùrí jókòó tí wọ́n ń wo ẹnu lóyà, ìwọ̀nba kékeré ni. Orí tábìlì agbèfọ́ba ni púpọ̀ nínú ẹjọ́ ti ń parí: ẹ̀sùn wo ni ká fi kàn án, èwo ni ká fò, kí ni ká fún un bó bá gbà. Bí gbogbo àwa tá a mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń wọ àdúgbò wa bá sá fún tábìlì yẹn, ta ló kù tó máa jókòó síbẹ̀? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, kó má lọ. Ṣùgbọ́n kí a má pe ẹni tó lọ ní ọ̀dàlẹ̀.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí bàbá wa àti sí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ nìyí: orúkọ ilé ni gbogbo wọn ń wò. Ẹni tó máa jókòó tì ẹ́ nínú ilé náà ni kó o wò.

*

Ẹnìkan kọ̀wé pé òun lo odindi sáà kan nílé olùgbèjà, kò sí ohun tí òun ṣe ju kí òun máa gbé fáìlì láti yàrá kan sí òmíràn, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi òun ṣiṣẹ́, wọ́n kàn fi orúkọ ẹ̀kọ́ bò ó. Ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò ní bá yín jiyàn, torí ó ṣe mí rí.

Kí n tó dé àwọn ilé méjì tí mo sọ lókè, ọ́fíìsì kan wà tí mo lo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kìíní mi sí. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi ń ya fáìlì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Lóyà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù pé ó ń mójú tó mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fojú kàn án. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó buwọ́ lù ú pé mo ṣe ìwádìí òfin, pé mo sì ṣe é dáadáa. Mo gba ìwé náà. Títí di òní, inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé mo gbà á.

Látìgbà náà, ìbéèrè wà tí mo máa ń béèrè kí n tó gbà láti lọ ibikíbi. Ta gan-an ló máa mójú tó mi, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀ kí n tó fèsì? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ ní ní sáà tó kọjá? Nínú wọn, mélòó ló dúró níwájú adájọ́ tó la ẹnu sọ̀rọ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń tú àṣírí. Ilé tó bá ń kọ́ọ̀yàn máa dárúkọ iye, á sọ irú ìgbẹ́jọ́ tó jẹ́. Ilé tí kì í kọ́ọ̀yàn á ní, “Ànfààní pọ̀ lọ́dọ̀ wa.”

Ẹ má sì rò pé ilé ló ń dá ẹ̀bi yìí jẹ nígbà gbogbo. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ro ẹjọ́ bí lóyà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òfin wọn kò sì dọ́gba. Ní California, òfin 9.42 ti ilé ẹjọ́ wọn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti parí ọdún kìíní, kó sì ti ṣe kíláàsì Evidence (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rí) àti Civil Procedure (ìlànà ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn) tàbí kó máa ṣe wọ́n lọ́wọ́, kó tó lè gba ìwé àṣẹ. Mo mọ ẹni tó dé ilé agbèfọ́ba tó dáa gan-an láì tíì forúkọ sílẹ̀ fún Evidence. Gbogbo sáà náà, ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń dìde.

Ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ ńkọ́? Kírẹ́díìtì kan, ìyẹn ìwọ̀n tí ilé ìwé fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 42.5. Bó o bá gba mẹ́rin, 170 nìyẹn, tó túmọ̀ sí bíi wákàtí méjìlá lọ́sẹ̀ bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 14. Ọ̀pọ̀ máa ń fọ́n wákàtí wọ̀nyẹn ká sí ìrọ̀lẹ́, kíláàsì á gba òwúrọ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń pe ẹjọ́. Ẹni tó bá ń dé lágogo méjì ọ̀sán, fáìlì ló máa bá, kò ní bá adájọ́. Fi odindi òwúrọ̀ méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kódà bí kíláàsì tó o fẹ́ bá máa dúró di sáà mìíràn.

*

Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí nílé olùgbèjà. Ọjọ́ kan péré ni mo máa sọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n la wà, nínú yàrá kékeré kan, tábìlì irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, àga mẹ́ta. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rìnlá sínú ìwé: níbo lo wà, ta lo rí, kí lo sọ fún ọlọ́pàá. Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n ka ìkankan. Ó jókòó, ó wo ọkùnrin náà, ó ní, “Ta ló ń lọ mú ọmọ ẹ nílé ìwé báyìí?” Ọkùnrin tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wọlé bú sẹ́kún. Ọmọ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Nígbà tó fi máa tó ogún ìṣẹ́jú, ó ti dáhùn mọ́kànlá nínú ìbéèrè mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Àdéhùn tí agbèfọ́ba fún un wà lórí tábìlì. Kó gbà pé òun jẹ̀bi, iye ọjọ́ tó ti lò látìmọ́lé á jẹ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà á bá a nílé. Ó nawọ́ sí bírò. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?” Ẹnu mi wúwo. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn lórí òfin, èmi náà sì mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa buwọ́ lù ú. Ọ̀gá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé náà. Ó ní, “Green card lo fi ń gbé níbí, àbí?” Ó mú bírò, ó fi sápò, ó jáde lọ pe lóyà tó mọ òfin ìwọ̀lú.

Ẹ̀sùn náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn yẹn, lè mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún lò látìmọ́lé kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà padà sí èyí tí kò ní kó o sí wàhálà yẹn. Gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ló fi bínú sí wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ àlejò nílùú yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn: òfin ló ní kí ọ̀gá mi ṣe ohun tó ṣe. José Padilla, tí wọ́n bí ní Honduras, ti gbé Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ó ti jagun fún wọn ní Vietnam, kí wọ́n tó mú un ní Kentucky. Lóyà rẹ̀ sọ fún un pé kó má dààmú, pé ó ti pẹ́ jù nílùú kí wọ́n tó lè lé e. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ohun tó gbà yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi lé e. Ní 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní lóyà tó bá ń gbèjà ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ìjẹ̀bi náà bá lè mú kí wọ́n lé e. Mo ti ka ẹjọ́ náà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá mi lórí ìwé yẹn ni mo máa ń rí bí mo bá ti gbọ́ orúkọ Padilla.

*

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti ṣe agbèfọ́ba rí dá sí i, wọ́n ní mò ń ṣe ojúsàájú. Wọ́n ní ilé agbèfọ́ba ló ń tètè kọ́ọ̀yàn níṣẹ́ ilé ẹjọ́, torí ẹjọ́ kéékèèké pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé fún akẹ́kọ̀ọ́, àti pé iṣẹ́ ti wọ àwọn olùgbèjà lọ́rùn débi pé wọn ò ráyè ara wọn, áńbọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà. Lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Láti 1973 ni ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ti ní kí lóyà olùgbèjà kan má gbà ju ẹjọ́ ńlá 150 tàbí ẹjọ́ kékeré 400 lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé iye yẹn gan-an ti pọ̀ jù. Ilé tí lóyà bá ti ń sáré kiri báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè di ẹrù lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí i tí ìyẹn gan-an ń jẹ́ kí wọ́n tètè gbé iṣẹ́ gidi fún akẹ́kọ̀ọ́, torí ọwọ́ kò tó. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká béèrè.

Ojúsàájú tẹ́ ẹ wí kọ́ ló ń ṣe mí o. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà.

Wọ́n gbé fídíò kan fún mi wò, èyí tí kámẹ́rà àyà ọlọ́pàá ká. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan lójú pópó, ọlọ́pàá sì mú ọmọkùnrin kan ní òpópónà kejì. Ohun tó wà nínú ìwé ọlọ́pàá ni pé bí obìnrin náà ṣe rí i, ojú ẹsẹ̀ ló nawọ́ sí i pé òun nìyẹn. Nínú fídíò, ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, mo gbọ́ ohùn obìnrin náà: “Ó jọ ọ́. Mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa.” Ọlọ́pàá ní, “Ṣùgbọ́n ó jọ ọ́?” Ó ní, “Ó jọ ọ́.” Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá sórí bébà, mo mú un lọ bá ọ̀gá mi. Ọkàn mi ń lù, torí mo rò pé wọ́n máa ní mò ń ba ẹjọ́ wọn jẹ́.

Ọ̀gá mi kò gbin. Ó ki earpiece bọ etí, ó wò ó títí dé ibẹ̀, ó tún un wò. Ó ní, “Tẹ lẹ́tà kan wá.” Kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà náà ti lọ bá lóyà ọmọ náà, ìṣẹ́jú tí mo kọ sílẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Òfin Brady v. Maryland ti 1963 ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹ̀rí pàtàkì èyíkéyìí tó lè gbe olùjẹ́jọ́, agbèfọ́ba kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ sọ́wọ́.

Bí ẹnì kan bá rò pé lẹ́tà kékeré bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, kó lọ ka ẹjọ́ Connick v. Thompson. Ní New Orleans, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdigunjalè kan John Thompson, wọ́n sì tún ní ó pààyàn nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ olè náà ta sára ṣòkòtò ẹni tí wọ́n dá lọ́nà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, irú B ni ẹ̀jẹ̀ náà. Irú O ni ẹ̀jẹ̀ Thompson. Èsì àyẹ̀wò yẹn ti wà lọ́wọ́ àwọn agbèfọ́ba, wọn kò fún lóyà rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ìdigunjalè, wọ́n tún dá a lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n ní kí wọ́n pa á. Ní 1999, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n máa pa á, ni olùwádìí kan tó ń bá àwọn lóyà rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí bébà èsì ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ ìpànìyàn náà gbọ́ ní 2003, jùrí ní kò jẹ̀bi. Ó ti lo ọdún 18 lẹ́wọ̀n, 14 nínú rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ pa. Jùrí mìíràn ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 14 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n ní 2011, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé owó náà.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí àwọn àbúrò wa lọ sílé agbèfọ́ba. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀ kí wọ́n wo fídíò dé ìṣẹ́jú kẹtàlélógún. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó máa ní, “Gbàgbé ẹ̀,” ẹ̀kọ́ mìíràn ni ǹ bá kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí n rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

*

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹni tó ṣe ọ̀kan lè ṣe èkejì?

Ó lè ṣe é, bí kò bá ti ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìlànà ìwà tí ABA, ẹgbẹ́ àwọn lóyà Amẹ́ríkà, kọ sílẹ̀, àlàyé tó wà lábẹ́ òfin 1.10 sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin kò ní kó bá gbogbo ọ́fíìsì tó bá padà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa yà sọ́tọ̀ kúrò nídìí ẹjọ́ tó ti fọwọ́ kàn. Kí wọ́n tó lè yà ọ́ sọ́tọ̀, o gbọ́dọ̀ mọ ẹjọ́ tó o fọwọ́ kàn. Láti ọjọ́ kìíní ni kó o ti máa ní àkọsílẹ̀: orúkọ olùjẹ́jọ́, nọ́mbà ẹjọ́, ohun tó o ṣe níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ ibi tó yẹ kó o tọ́jú ẹ̀ sí. Èmi yan ìlú mìíràn nígbà tí mo ń lọ sí ilé kejì, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn: kò sí olùjẹ́jọ́ kan tó wà nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n òfin yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ kò purọ́ tán. Àwọn olùgbèjà máa ń béèrè. Nígbà tí mo lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, “O lọ jókòó sílé àwọn yẹn, kí lo lọ ṣe?” Mo sọ ọ̀rọ̀ fídíò yẹn fún wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà mí. Lọ́dọ̀ agbèfọ́ba, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bi mí. Yorùbá ló ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá ti gbọ́ tọ̀tún tó gbọ́ tòsì ní ohun tó lè wí fún ilé èyíkéyìí tó bá wọ̀. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni ẹni tí kò lè sọ ìdí tó fi lọ.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ilé ìwé máa ń ní kẹ́ ẹ kọ ìwé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nípa ohun tẹ́ ẹ rí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Má kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀. Má kọ orúkọ ìta tí wọ́n ti mú un, má kọ ọjọ́. Olùkọ́ ẹ kì í ṣe lóyà oníbàárà náà. Mo rí ẹnì kan tó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kínníkínní, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì nípa àṣìṣe. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó.

*

Kíákíá lórí àwọn ìbéèrè tó kù.

Ẹni tó wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́: lọ bá ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nílé ìwé ẹ kó o tó gba ohunkóhun, kódà bí wọn ò bá ní san kọ́bọ̀. CPT, àṣẹ láti ṣe ìkọ́ṣẹ́ tó jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ẹ, ló ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe fún ẹ. Ṣọ́ra o: bí o bá lo oṣù méjìlá CPT ní ìwọ̀n iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀, OPT ẹ, àṣẹ tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, ti lọ nìyẹn. Àwọn agbèfọ́ba ìjọba àpapọ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ilé olùgbèjà àti agbèfọ́ba ìpínlẹ̀ lọ wò.

Ẹni tó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ agbèfọ́ba ìjọba àpapọ̀: wọ́n máa yẹ ìtàn ayé ẹ wò, ó lè gba oṣù. Tètè kọ̀wé. Wọ́n máa bi ẹ́ nípa igbó. Bí ìpínlẹ̀ ẹ tiẹ̀ gbà á láàyè, ìjọba àpapọ̀ ò gbà á. Má purọ́.

Owó: títí di 2016, ABA kò gbà kí wọ́n sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tún ń gba kírẹ́díìtì. Wọ́n ti mú ìyẹn kúrò, ṣùgbọ́n ilé ìwé lè ṣì kọ̀, ọ́fíìsì púpọ̀ kò sì lówó tí wọ́n máa san. Èyí ń dùn mí dé ọkàn. A máa san owó ilé ìwé lórí kírẹ́díìtì náà, a tún máa fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe é, àwọn ọmọ tálákà tí ì bá mọ bí ó ṣe ń rí lára oníbàárà sì ni kì í lè lọ. Bi ilé ìwé ẹ bóyá wọ́n ní owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ aráàlú. Tẹnu mọ́ ọn. Èmi ò béèrè, ìgbà tí mo máa jáde ni mo gbọ́ pé ó wà.

*

Olùbéèrè wa ti padà dé. Ó ní ilé méjèèjì ti gbà á. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo sọ. Ilé agbèfọ́ba ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án làwọn ní ní sáà tó kọjá, méjì ló sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, wọn ò sì tíì mọ ẹni tó máa mójú tó o. Ilé olùgbèjà ní mẹ́ta làwọn ní, gbogbo wọn ló ro ẹjọ́ béèlì. Lóyà tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pè é, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí.

Àbúrò, o ti dáhùn ìbéèrè ara ẹ. Ilé olùgbèjà ni. Bó bá jẹ́ ilé agbèfọ́ba ló pè ẹ́ fún ìdajì wákàtí, ibẹ̀ ni ǹ bá ní kó o lọ.

Kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ilé agbèfọ́ba lónìí, bi wọ́n bóyá o lè tún kọ̀wé fún sáà tó tẹ̀ lé e, kó o sì bi wọ́n ní orúkọ ẹni tó máa mójú tó ẹ nígbà náà. Forúkọ sílẹ̀ fún Evidence kó tó kún. Bi ilé olùgbèjà ní fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ro ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ yín, torí ó máa ń pẹ́ kó tó jáde, sáà kò sì ní dúró dè é. Àárọ̀ Tuesday àti Thursday, má fi kíláàsì síbẹ̀.

Ní ti bàbá wa, má bá wọn jiyàn lórí fóònù. Dúró títí tó o fi máa ro ẹjọ́ béèlì àkọ́kọ́, kó o wá pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, kó o sọ bó ṣe lọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọn ò ní jẹ́ kó o mú fóònù wọlé. Mú káàdì ìdánimọ̀, bírò méjì àti ìwé tí kò ní wáyà. Kọ ìbéèrè ẹ síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Kó o wá pa ìwé náà dé títí ọkùnrin tó jókòó níwájú ẹ fi máa sọ̀rọ̀.